Ọwọ́ Ta Ni Ó Kọ Ọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Olùkọ́ Àròkọ Ìwọlé Yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà, ní Houston, ní Chicago, ní Brooklyn àti ní Maryland, àti àwọn tí wọ́n wà nílé níhìn-ín tí wọ́n ń fẹ́ lọ bá wọn níbẹ̀, ni a ní lọ́kàn. Ìwé kan wà tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ náà ń béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé. Òwò kan sì ti dìde lẹ́yìn ìwé náà, òwò tí ó jẹ́ pé bí a kò bá tètè la ojú wa sí i, irọ́ pípa ni yóò kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ wa, kí wọ́n tó kọ́ ohunkóhun mìíràn ní yunifásítì.

Ó tọ́ kí a ṣe àlàyé fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe àjèjì sí. Nílé níhìn-ín, láti ìgbà tí ìjọba ti dá JAMB sílẹ̀ ní ọdún 1978, máàkì ni a fi ń wọ yunifásítì. Ọmọ yóò jókòó ìdánwò, yóò gba iye tí ó bá gbà nínú 400. Bí ó bá tó, ó tó, bí kò bá sì tó, bàbá rẹ̀ yóò máa wá ẹni tí ó mọ ẹnìkan kiri. (Ọ̀rọ̀ ti èyí nì pọ̀, a ó fi í sílẹ̀ di oṣù mìíràn.) Kò sí ẹni tí ó bi ọmọ náà léèrè pé, irú ènìyàn wo ni ìwọ í ṣe? Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, máàkì nìkan kò tó. Ìwé ìbéèrè kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Common Application, èyí tí kọ́lẹ́jì 15 fi ohùn ṣọ̀kan dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, tí ó sì ti di ti kọ́lẹ́jì tí ó ju 1,000 lọ lónìí. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ní kí ọmọ ọdún 17 kọ àròkọ nípa ara rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 250, tí kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ. Ìbéèrè méje ni wọ́n tò sílẹ̀ kí ó mú ọ̀kan. Wọ́n lè ní kí ó sọ ohun kan nípa ìran tàbí ilé tí ó ti jáde wá, èyí tí a kò lè mọ̀ ọ́n láìsí i. Tàbí kí ó sọ ìgbà tí ó kùnà tàbí tí ìṣòro dé bá a, àti ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́ níbẹ̀. Tàbí ìgbà tí ó dìde lòdì sí ohun kan tí gbogbo ènìyàn gbà gbọ́. Bí ó bá kọ èyí tán, kọ́lẹ́jì kọ̀ọ̀kan tún lè ní ìbéèrè tirẹ̀. University of California, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, ní kí ó mú mẹ́rin nínú ìbéèrè mẹ́jọ, kí ó má sì kọ ju ọ̀rọ̀ 350 lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo bí iṣẹ́ yìí ti le tó fún ọmọ tiwa. Nínú ilé Yorùbá, ta ni ń ki ara rẹ̀? Ìyá àgbà ni ń ki ọmọ bí ó bá kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀ fún un ní òwúrọ̀. Àwọn obìnrin ilé ni ń ki ọmọ ọkùnrin ilé. Onírárà ni ń ki ọba lójú ọ̀nà ààfin. Ọmọ tí ó bá dìde láàrin àgbà tí ó ní, èmi ni mo ṣe èyí, èmi ni mo ṣe tọ̀hún, ẹnu ni a ó fi bù ú pé a kò kọ́ ọ nílé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni a fi kọ́ ọ láti máa wí pé “àwa”. Òyìnbó wá ní kí ó sọ “èmi” ní ìgbà ọgbọ̀n nínú ojú ìwé kan. Abájọ tí ọmọ tí ó gba máàkì gbogbo yóò fi jókòó ti ìwé funfun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ní rí ìlà kan kọ. Ó ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́. Àwa kò bá a jà nítorí èyí, a kò sì sí lára àwọn tí ń pariwo pé olè ni gbogbo ẹni tí ó bá gba ìmọ̀ràn lórí àròkọ.

Nítorí pé olùkọ́ rere wà, ẹ jẹ́ kí a sọ iṣẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ ayédèrú. Olùkọ́ rere kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Ìbéèrè ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò ní, kí ni o máa ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé? Ọmọ náà yóò ní, kò sí nǹkankan. Yóò ní, ibo ni o wà ní Sátidé tí ó kọjá? Ọmọ yóò ní òun wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá òun ni, níbi tí wọ́n ti ń dirun, òun ni òun ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà, òun ni òun sì ń bá ìyá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀ bí aláwọ̀ funfun tí ó ni ilé bá dé láti béèrè owó rẹ̀. Láti ìgbà wo? Láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kí ni ó ṣe tí o kò fi kọ èyí? Ọmọ yóò dáhùn pé òun kò mọ̀ pé ó jẹ́ nǹkan. Níbẹ̀ ni àròkọ náà wà! Olùkọ́ náà yóò ní kí ó lọ kọ ọ́ wá. Bí ó bá mú un dé, olùkọ́ yóò fi ìka tọ́ ibì kan pé, ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi. Níhìn-ín o ń fọ́nnu. Níhìn-ín o lọ yá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè, kì í ṣe bí o ti ń sọ̀rọ̀ nìyí. Ọmọ yóò padà lọ tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹrin, lẹ́ẹ̀keje. Ní ìgbẹ̀yìn kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ti ọmọ náà. Bí ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe pẹ̀lú ọmọṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyí: ó lè bá a fẹ́ iná, ó lè sọ fún un pé irin náà kò tíì pọ́n tó, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ ni yóò lu ọkọ́ tí a ó fi dá a sílẹ̀ lómìnira.

Ẹnìkejì yàtọ̀. Ìgbà kan ni ó ń béèrè ọ̀rọ̀, owó ni ó sì máa ń béèrè níwájú ọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú wọn ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là fún wákàtí kan. Àwọn mìíràn a sì máa dá owó lé ọmọ lórí láti ìgbà tí ó bá ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga títí yóò fi wọ yunifásítì. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni a ń sọ, kí ó rántí ẹjọ́ tí ilé iṣẹ́ kan gbé lọ sí kóòtù ní New York ní ọdún 2018: wọ́n ní ìyá kan bá àwọn ṣe àdéhùn 1,500,000 dọ́là kí àwọn lè tọ́ ọmọ rẹ̀ sọ́nà nínú ìwé ìwọlé, ó san ìdajì, ó sì jẹ àwọn ní ìdajì. Fún iye owó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ máa ta gẹ̀gẹ̀ lórí ìwé? Nítorí náà ọwọ́ olùkọ́ ni yóò mú kálámù. Ó lè má kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yóò “tún un ṣe” díẹ̀ lónìí, yóò tún un ṣe díẹ̀ lọ́la, títí kò fi ní ku ohun tí ọmọ náà wí bí kò ṣe orúkọ rẹ̀ lókè. Òbí yóò rò pé òun ra Gẹ̀ẹ́sì tí ó dára. Ohùn àgbàlagbà kan tí kò mọ ilé wọn ni ó rà, ó sì fi í sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, ibì kan wà tí ọmọ yóò ti fi ọwọ́ sí i pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Èyí ni ìwé àkọ́kọ́ tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò fi ọwọ́ sí ní ìgbésí ayé wọn bí àgbà. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó jẹ́ irọ́, kí ó sì jẹ́ bàbá àti ìyá ni yóò dúró tì í, tí wọn yóò san owó rẹ̀?

Àwọn àgbà tí ń ka ìwé yìí mọ ìtàn àwọn akọ̀wé lẹ́tà tí wọ́n máa ń gbé tábìlì àti táípù wọn kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ àti sí iwájú kóòtù. Bí ìyá kan bá fẹ́ kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní Kúmásì, tàbí bí àgbẹ̀ kan bá fẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ajẹ́lẹ̀ nítorí owó orí, àwọn ni wọ́n ń bá a kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì wọn ga, ẹ̀bẹ̀ wọn gùn, ó sì lè ṣòro fún Ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ láti mọ ohun tí àgbẹ̀ náà ń fẹ́ gan-an. A ti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà púpọ̀. Síbẹ̀ òfin wà lórí wọn. Òfin tí ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ní ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹni tí ó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí ara ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹni tí ó bá gba ìwé náà yóò mọ̀ pé ohùn Àjàyí ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ Akọ̀wé ni.

Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn olùkọ́ àròkọ Amẹ́ríkà léèrè nísisìyí: èwo nínú wọn ni ó jẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àròkọ tí ó bá ọmọ ṣe? Bí iṣẹ́ wọn bá mọ́ bí wọ́n ti ń wí, kí ni wọ́n ń fi pamọ́? Akọ̀wé lẹ́tà tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó ń gba kọ́bọ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi, ó fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹni tí ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kò jẹ́ fi tirẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa kọ̀wé yìí ju ọ̀rọ̀ owó àti ti ìfọwọ́sí lọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ láti kọ ni. Olùkọ́ àròkọ tí ó mọ ọjà rẹ̀ ti mọ̀ pé ìtàn ìyà ń tà. Bí ọmọ dúdú bá jókòó níwájú rẹ̀, kò ní béèrè Sátidé. Yóò béèrè pé, kí ni ojú rẹ ti rí? Ṣé bàbá rẹ wà nílé? Ṣé ẹ ti sùn ní ebi rí? Ọmọ náà yóò máa wá inú ara rẹ̀ kiri bí ẹni tí ó sọ owó nù. Bí kò bá sì rí ìyà kan tí ó tó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ilé òun ni kò dára tó fún àròkọ.

Ní Breaux Bridge, ìlú kékeré kan ní Louisiana, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ń jẹ́ T.M. Landry. Ọmọ dúdú ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Gbogbo ayé ni ó ń wo àwòrán wọn lórí ẹ̀rọ ayélujára: ọmọ kan jókòó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká, ìròyìn dé pé yunifásítì ńlá kan ti gbà á, gbogbo wọn sì fò sókè pẹ̀lú ariwo. Ta ni kò ní bá wọn yọ̀? Ní oṣù November ọdún 2018 ni ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ibẹ̀. Ìròyìn náà ní àwọn alákòóso ilé ẹ̀kọ́ náà ń yí ìwé èsì ẹ̀kọ́ padà, wọ́n ń hùmọ̀ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ kò ṣe, wọ́n sì ń hun ìtàn ìyà sínú ìwé ìwọlé wọn, irú ìtàn tí ó bá èrò búburú tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ní tẹ́lẹ̀ nípa ilé ènìyàn dúdú mu. Ẹ kíyè sí i, kì í ṣe pé wọ́n purọ́ nìkan. Wọ́n yan irọ́ tí ó dùn mọ́ ẹni tí ń kà á nínú. Ẹ ronú bàbá kan tí ó ti ń jí lọ síṣẹ́ ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ fún ogún ọdún, tí yóò wá gbọ́ lọ́jọ́ kan pé a ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀mùtí ni òun, pé òun ń na ọmọ òun, nítorí kí ọmọ náà lè wọlé. A kì í fi ọmọ orò bọ orò. Ilé ẹ̀kọ́ wo ni ó tó ohun tí a ó fi orúkọ bàbá ẹni rà?

Ọ̀rọ̀ náà sì ti le sí i láti ọjọ́ 29 oṣù June ọdún 2023. Ní ọjọ́ náà ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Harvard àti ti University of North Carolina pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà tàbí àwọ̀ ọmọ ṣe ìwọ̀n mọ́ nígbà tí a bá ń yan ọmọ wọlé. Ṣùgbọ́n Adájọ́ Àgbà John Roberts kọ ọ́ sínú ìdájọ́ kan náà pé kò sí ohun tí ó dí yunifásítì lọ́wọ́ láti wo ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá sọ nípa bí ẹ̀yà rẹ̀ ti kan ìgbésí ayé rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá ti so mọ́ ìwà tàbí ẹ̀bùn tí ọmọ náà ní. Nítorí náà, a ti ilẹ̀kùn ńlá, a ṣí fèrèsé kan sílẹ̀, àròkọ ni fèrèsé náà. Àwọn oníṣòwò àròkọ sì ti to àga wọn sí ẹnu fèrèsé náà. Wọ́n ń wí fún ọmọ wa pé bí kò bá kọ ìyà tí ó jẹ nítorí àwọ̀ rẹ̀, kò ní ohun tí yóò kọ.

Kí ni ó ṣe tí kò lè kọ nípa ìyá àgbà rẹ̀ tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láti Ìjẹ̀bú ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí kò jẹ́ dá a lóhùn bí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kí i? Kí ni ó ṣe tí kò lè kọ nípa orúkọ ara rẹ̀? Ọmọ tí ń jẹ́ Babátúndé ní ìtàn ènìyàn méjì lórí kí ó tó la ẹnu. Ọmọ tí ń jẹ́ Abíọ́nà, ọ̀nà ni a bí i sí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. A kò wí pé kí ọmọ tí ó jẹ ìyà ní tòótọ́ fi í pamọ́. Bí ó bá jẹ ẹ́, tí ó sì fẹ́ sọ ọ́, tirẹ̀ ni, kí ó sọ ọ́. Èyí tí a kọ̀ ni pé kí àjèjì máa díwọ̀n ìyà ilé wa bí ẹni ń díwọ̀n kòkó lórí òṣùwọ̀n.

Kí a má sì ṣe bí ẹni pé mímọ́ ni ẹnu ọ̀nà tí a ń du láti wọ̀ yìí. Nígbà tí ó di ọdún 1922, A. Lawrence Lowell, tí í ṣe olórí Harvard, rí i pé àwọn ọmọ Júù tí ń yege ìdánwò wọlé ti ju ọ̀kan nínú márùn-ún lọ. Ó fẹ́ kí a fi iye kan sé wọn mọ́. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò gba èyí ní gbangba. Ìwé ìbéèrè náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìran ọmọ, ìsìn rẹ̀, orúkọ ilé bàbá ìyá rẹ̀, ibi tí a ti bí bàbá rẹ̀, àti bóyá a ti yí orúkọ ìdílé náà padà rí. Nígbà tí ó di ọdún 1926, “ìwà” ti di ohun tí a ń wọ̀n pẹ̀lú máàkì, iye àwọn ọmọ Júù sì dínkù. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìwà pe ènìyàn lẹ́jọ́: bí a bá fẹ́ ọ, a ní ìwà rẹ dára, bí a kò bá fẹ́ ọ, a ní kò dára tó. Jerome Karabel kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní kíkún nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2005. Nínú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni àṣà pé kí ọmọ wá sọ irú ẹni tí òun í ṣe ti gbilẹ̀, àwọn tí ń fi í yangàn lónìí pé ó jẹ́ ọ̀nà láti ran tálákà lọ́wọ́ kò sì fẹ́ kí a rántí rẹ̀.

Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ ń ran tálákà lọ́wọ́? Ní ọdún 2021 àwọn olùwádìí kan ní Stanford gbé àyẹ̀wò wọn jáde lórí àròkọ 240,000 tí ọmọ 60,000 kọ sí University of California. Wọ́n rí i pé ohun tí àwọn ọmọ kọ nípa rẹ̀ bá owó tí ń wọlé fún òbí wọn mu ju bí máàkì ìdánwò SAT ti bá owó náà mu lọ. Èyí ni pé, àròkọ tí a ní ó ń fi ọkàn ọmọ hàn, àpò bàbá rẹ̀ ni ó ń fi hàn jù.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn, nítorí a ti gbọ́ ọ ní ìpàdé, a sì ti gbọ́ ọ ní ibi ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ní, bí àwọn olówó Amẹ́ríkà bá ń ṣe é, tí àwa kò ṣe é, ọmọ tiwa ni yóò kù sí ìta. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó gbé àwọn olówó náà dé. Ní oṣù March ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan William Singer, ẹni tí ń pe ara rẹ̀ ní olùtọ́ni ọmọ sí yunifásítì ní California. Ó ti gba owó tí ó tó 25,000,000 dọ́là lọ́wọ́ àwọn òbí, ó ń san owó kí a tún ìdáhùn ìdánwò ọmọ ṣe, ó sì ń fún àwọn olùdarí eré ìdárayá ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè pe ọmọ tí kò mọ eré kan ní eléré. Ju ènìyàn 50 lọ ni ẹjọ́ náà kàn. Felicity Huffman, òṣèré tí gbogbo ènìyàn mọ̀, san 15,000 dọ́là nítorí ọmọ rẹ̀, adájọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 14. Singer fúnra rẹ̀ gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ní oṣù January ọdún 2023. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ olówó, wọ́n ní lọ́yà, ilẹ̀ wọn sì ni. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Olúwaṣeun, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ tàbí ti bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba, bí a bá ká irọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣé ọjọ́ 14 ni yóò fi san án?

Ohun kan tún wà tí àwọn elérò bẹ́ẹ̀ kò kíyè sí. Ọjà náà ti ń bàjẹ́. Láti oṣù November ọdún 2022 ni ẹ̀rọ tí ń jẹ́ ChatGPT ti dé, tí ó lè kọ ọ̀rọ̀ 650 nípa ìyà ẹnikẹ́ni kí ènìyàn tó bu omi mu. Ní ọdún 2023 Common Application kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe tara rẹ̀ ti hu ìwà èrú. Ní ọdún 2024 ni Duke jẹ́ kí a mọ̀ pé òun kò fún àròkọ ní máàkì mọ́ gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀, nítorí kò dá òun lójú mọ́ pé ọwọ́ ọmọ ni ó kọ ọ́. Ẹ̀rọ náà àti àwọn olùtọ́ni olówó ńlá wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí. Èyí ni pé òbí tí ó ta ilẹ̀ láti fi ra àròkọ, ohun tí ẹni tí ń rà á ti ń fi ojú olè wò ni ó rà.

A kò lè gbàgbé láti fi ọ̀rọ̀ kan àwọn bàbá, nítorí ẹ̀bi náà kò sí lọ́dọ̀ olùkọ́ àròkọ nìkan. Bàbá kan wà tí, bí ó bá rí i pé ọmọ rẹ̀ kọ nípa ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, yóò fa ìwé náà ya: “Ṣé kí wọ́n máa rò pé òtòṣì ni wá ni?” Yóò ní kí ó kọ ọ́ pé ìṣègùn ni ó wu òun láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá kejì wà tí ó ní ilé méjì ní Lekki, tí yóò sì ní kí ọmọ kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ lásán ni òun fi ń rin ọ̀nà jíjìn lọ sí ilé ìwé. Àwọn méjèèjì yìí kò jọ ara wọn lójú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ náà ní láti sọ.

Ní ayé àtijọ́, bí ọba tàbí ìjòyè bá fi àrokò rán ìránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, bóyá owó ẹyọ tí a so pọ̀ tàbí ìyẹ́ ẹyẹ, ìránṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti tú okùn rẹ̀ kí ó sì tún un so bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè dá ogun sílẹ̀. Irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí olùkọ́ àròkọ jẹ́, a sì rò pé a lè rí wọn láàrin wa láìná ọgọ́rùn-ún dọ́là. Àwọn olùkọ́ àgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ń bẹ nínú ìjọ wa, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní òkè òkun, àti ní àárín ìlú níhìn-ín. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí yóò máa jókòó ti àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti béèrè, kí wọ́n sì gbọ́. Kí wọ́n fi ìka tọ́ ibi tí kò yé wọn. Kí wọ́n má sì mú kálámù lọ́wọ́ rárá. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń fún ọmọ ní owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́, tí òun náà sì ń béèrè àròkọ kí ó tó fún un, kí ó pe ọmọ náà jókòó kí ó sọ ọ̀rọ̀ inú àròkọ náà lẹ́nu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ìjòyè pẹ̀lú, àwọn òbí máa ń wá bá yín kí ẹ fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìwà fún ọmọ wọn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ sí i kí ẹ tó rí ọmọ náà. Bí ó bá wà ní òkè òkun, ẹ ní kí ó pè yín lórí tẹlifóònù, kí ó sì sọ fún yín ní èdè Yorùbá ohun tí ó kọ nípa ilé yín. Ọjọ́ 1 oṣù August ni Common Application ń ṣí ní ọdọọdún. Ọjọ́ 1 oṣù November ni púpọ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́jì ń gba ìwé àwọn tí ó fẹ́ tètè gbọ́ èsì, ìgbà tí oṣù January bá sì ti wọlé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ti ilẹ̀kùn. Kí àwọn ẹ̀ka tí ó bá fẹ́ yan olùkọ́ fi orúkọ wọn ránṣẹ́ kí oṣù July tó parí.